Bó Ṣe Yẹ Ká Rántí Agbaninímọ̀ràn Ilé Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí dá lórí àwọn kan tí ìkéde ìsìnkú wọn máa ń kọjá lórí rédíò láìsí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an nígbà ayé wọn. A ó ka orúkọ olóògbé, a ó ka ọjọ́ orí rẹ̀, a ó ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, a ó ka àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó gbẹ̀yìn rẹ̀, a ó sọ ọjọ́ àìsùn àti ọjọ́ ìsìnkú, ó parí. Bí olóògbé náà bá jẹ́ agbaninímọ̀ràn nílé ìwé girama, ohun tí wọ́n sábà máa ń fi kún un ni pé onínúure èèyàn ni, pé ó fi ara jìn fún àwọn ọmọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kéré jù. Inú rere tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kọjá ìwà àbínibí lásán. Iṣẹ́ ni: ó ní ìlànà, wọ́n kọ́ ọ ni, ó sì máa ń tán èèyàn lókun. Bí a bá rántí ìwà tí a gbàgbé iṣẹ́, ìdajì olóògbé náà ti wọlẹ̀ kí pósí tó dé ibojì.

Iṣẹ́ yìí ní ìtàn lọ́dọ̀ wa, ìtàn náà kò sì jìnnà. Lọ́dún 1959, àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, wo àwọn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, wọ́n rí i pé ìwé nìkan kò ní tó wọn tí wọ́n bá jáde. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀mọ̀wé bí 20 láti ẹnu iṣẹ́ oríṣiríṣi, kí wọ́n wá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ náà ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ìwé tó sọ ìtàn iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ní Nàìjíríà sọ pé nínú ọmọ 60 tó jáde lọ́dún yẹn, 54 ló ríṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ti jáde ní Ìbàdàn, tó sì di ti gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 1967. Lọ́dún 1976, ní Ìbàdàn kan náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí CASSON. Ọdún 1959 tí mo dárúkọ yìí náà ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Tẹlifíṣọ̀n yẹn kò wọ́n lẹ́nu wa, a máa ń fi yangàn níbi gbogbo. Ti àwọn sísítà Òkè-Àdó ńkọ́? Ó dùn mí pé a kì í dárúkọ wọn, nítorí pé ọgbọ́n tí wọ́n dá nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ṣoṣo ló di ìlànà fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ìjọba náà rí i. Nínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó jáde lọ́dún 1977, wọ́n sọ ọ́ kedere pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà wà, pé ìwà àti ọkàn àwọn ọmọ ilé ìwé mìíràn kò sì balẹ̀, nítorí náà wọn yóò yan àwọn agbaninímọ̀ràn sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ọ̀rọ̀ náà di kánkán, torí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, ọmọ ní láti yà sí ọ̀nà kan: sáyẹ́ǹsì, áàtì, ọ̀rọ̀ ajé tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ìkóríta yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ ọdún 14 kan jókòó, fọ́ọ̀mù wà níwájú rẹ̀. Ó ní òun kò ṣe sáyẹ́ǹsì, ó ní ó le. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó di lọ́yà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti kọ áàtì. Tíṣà tó ń kánjú yóò fi àmì sí ibi tí ọmọ ní kó fi sí, yóò pe ẹni tó kàn. Agbaninímọ̀ràn tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣí fáìlì ọmọ náà, níbi tí gbogbo máàkì rẹ̀ láti JSS 1 wà, yóò rí i pé sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò rẹ̀ dára fún ọdún méjì, kí wọ́n tó jọ já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún kẹta. Yóò bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Ọmọ lè sọ pé tíṣà tuntun tó dé máa ń na àwọn. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti gbé e lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn, kò rí ojú pátákó mọ́, awò ojú ló nílò, kò sì mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá bi í pé kí ni ìwọ alára fẹ́ dà. Bí ọmọ bá ní nọ́ọ̀sì, yóò ṣí ìwé JAMB, yóò fi ìka tọ́ ọ sí i pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Àmì kékeré tí ọmọ fẹ́ fi sórí fọ́ọ̀mù yẹn lè ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọn, kò sì ní mọ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 17, tí fọ́ọ̀mù JAMB bá dé ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí gbà. Kò sí ẹni tí yóò kọ orúkọ agbaninímọ̀ràn náà sára ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ohun tí mo pè ní ìlànà nìyẹn, èyí tó sì ṣe kókó jù nínú rẹ̀ ni kí a gbọ́ kí a tó sọ. Ó rọrùn lẹ́nu. Ó nira láti ṣe, pàápàá fún àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà pé àgbà ló ń sọ, ọmọdé a gbọ́. Ará Amẹ́ríkà kan, Carl Rogers, kọ ìwé kan lọ́dún 1942 tó yí iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn padà pátápátá. Ohun tó dì mú ni pé ẹni tí ìṣòro bá ló sún mọ́ ojútùú rẹ̀ jù, àti pé ẹni tó ń gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ ní sùúrù títí onítọ̀hún yóò fi mọ inú ara rẹ̀. Àwọn kan á ní ọgbọ́n òyìnbó nìyẹn, kò bá tiwa mu. Ẹ jẹ́ kí n rán irú wọn létí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú Ifá. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Owó ló máa ń mú, tí yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, kó tó gbé owó náà kalẹ̀. Bí babaláwo bá sì ń ki ẹsẹ Ifá, ẹni tó wá fúnra rẹ̀ ló ń mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. William Bascom, onímọ̀ kan tó wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn babaláwo nílẹ̀ wa, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde lọ́dún 1969. N kò sọ pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì o. Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tí nǹkan ń dà láàmú nílò ibi tó ti lè sọ̀rọ̀ láìtú ara rẹ̀ síta, àti pé ìpinnu tí èèyàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ló máa ń mú ṣẹ. Agbaninímọ̀ràn tó bá ń dákẹ́ kí ọmọ lè sọ̀rọ̀ kò kọ ẹ̀yìn sí àṣà kankan.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé: ṣé kò sí àgbà nílé ni? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá àgbà wà, baálé wà, pásítọ̀ wà, ààfáà wà. Kí la fẹ́ fi ẹni tí ìjọba ń sanwó fún ṣe? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, nítorí títí dòní olónìí, àwọn àgbà ilé ló ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá yọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó máa ń di ọmọ lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ tó kan ilé fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin tí àbúrò bàbá rẹ̀ ń bá ṣe ìṣekúṣe kò lè gbé ẹjọ́ náà lọ bá baálé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń ṣe é. Ọmọ tí òbí ti fi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé iṣẹ́ Olúwa ni yóò ṣe, tí ọkàn tirẹ̀ sì wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò mọ bí yóò ṣe bá pásítọ̀ wí i. Àgbà kò burú. Àmọ́ àgbà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ náà: ó ní orúkọ ìdílé tó gbọ́dọ̀ dáàbò bò, ó ní ìrẹ́pọ̀ agbo ilé tó ń ṣọ́, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí òun àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti jọ ń jẹun pọ̀. Agbaninímọ̀ràn kò ní ìpín kankan níbẹ̀ ju ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè bá a sọ ohun tí kò lè bá ìyá tó bí i sọ, tí kò sì ní jẹ́ àfojúdi sí ìyá náà.

Ọ̀kan wà tó le ju gbogbo èyí lọ, ẹ jẹ́ kí n fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ní gbogbo ọdún tí àwọn agbaninímọ̀ràn tí mò ń sọ yìí fi ṣiṣẹ́, ìpín 327 wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn, tó sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin, ó sì lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ẹ wá fi ojú inú wo ọmọ ọdún 16 tí ayé sú. Nílé, wọ́n á ní ó fẹ́ kó ẹ̀tẹ́ bá àwọn. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀daràn ni. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ iná ọ̀run. Ibi tó kù ni yàrá tí ẹnìkan ti lè gbọ́ ọ láìpariwo, láìbú u, tí yóò bi í léèrè tààrà bóyá ó ti ń gbèrò àtipa ara rẹ̀, tí yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó wà nínú yàrá yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àṣírí ní ààlà, pé bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, a kì í dá ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, ó sì yẹ kó ti sọ ààlà náà fún ọmọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Aláàánú tí kò kọ́ṣẹ́ lè búra fún ọmọ pé kò sí ẹni tí òun máa sọ fún, kó wá gbé ohun tó tóbi ju òun lọ mì. Ó sì lè sáré kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú yàrá tí àwọn tíṣà ń jókòó sí, kó sì tó di agogo méjì ọ̀sán, gbogbo kíláàsì ti gbọ́. Inú rẹ̀ dára. Ọmọ ló jìyà rẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ní àríwísí tiwọn, òun ló sì fún mi ní ìrònú jù. Wọ́n ní: níwọ̀n bí iṣẹ́ yìí ti jẹ́ iṣẹ́ àṣírí, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ ọ́ níbi ìsìnkú? Ẹnjiníà tó kú, a lè nawọ́ sí afárá tó kọ́. Agbaninímọ̀ràn tó kú, ohun tó ṣe jù ni ohun tí kò gbọdọ̀ jáde sí gbangba. Mo gbà. Ṣùgbọ́n a lè sọ bó ṣe ṣiṣẹ́ láìsọ ohun tí ó gbọ́. A lè sọ pé ó máa ń ti ilẹ̀kùn kó tó béèrè ọ̀rọ̀, pé kì í pe ọmọ jáde láti orí ìtò lójú gbogbo èèyàn, pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wá, yóò tún wá ọ̀nà láti mọ bó ṣe ń ṣe sí, pé ìwé JAMB tọdún náà ló ń lò, kò lo ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ̀rí iṣẹ́ ni ìwọ̀nyí, àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ lè jẹ́rìí sí wọn láìtú ọmọ kankan fó. Bí ẹnìkan nínú àwọn tó ràn lọ́wọ́ bá fẹ́ sọ tirẹ̀, kó sọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀, kó má fi ti ẹlòmíràn kún un. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ bá sì bá nínú yàrá olóògbé, ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí wọn kà, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ti di ìyá àti bàbá lónìí ló wà níbẹ̀. Iná ló tọ́ sí àwọn ìwé náà.

Àwọn mìíràn á tún ní mò ń sọ ọ́ dùn jù, pé agbaninímọ̀ràn tí àwọn mọ̀, pàṣán ló máa ń gbé lọ́wọ́, tàbí pé fọ́ọ̀mù ìdánwò nìkan ló ń tà. Òótọ́ ni pé irú wọn wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń gbé kọ́ wọn lọ́rùn. Ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn ilé ìwé ní Amẹ́ríkà gbà pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ 250 ní agbaninímọ̀ràn kan, àwọn náà kò sì tíì dé ibẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ìwé tó ní ẹyọ kan péré fún gbogbo ọmọ ibẹ̀ ti ṣoríire. Ẹyọ kan náà ni wọ́n tún máa ń fún ní kíláàsì láti kọ́, òun ni wọ́n ń fi ṣọ́ ìdánwò, yàrá rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Ẹni tó bá fi ọdún 30 ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ láàárín irú èyí, ìyìn tirẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo lè sọ lọ. Àmọ́ níbi tí a ti ń yìn ín pé ó fara jìn, a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Yínniyínni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn, ni àwọn àgbà wí. Ẹni tó ti kú kò lè ṣe mìíràn mọ́. Ìjọba ló ń gbọ́ ìyìn náà, tó bá sì jẹ́ pé ìfara-ẹni-jìn nìkan ló gbọ́, yóò gbà pé iṣẹ́ yìí kò ná òun ní nǹkan kan, pé Ọlọ́run yóò máa pèsè àwọn aláàánú.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó jáde lọ́dún 2022 sún ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà sí ọdún 65 ọjọ́ orí tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ gbogbo wọn ṣì ń lọ. Nígbà tí ọ̀kan bá lọ, ohun tó yẹ kí ilé ìwé béèrè kí òkú tó tutù, àní kí ẹni náà tó fẹ̀yìn tì rárá, ni pé ta ló ń bọ̀ sórí àga yẹn, níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, kíláàsì mélòó ni wọn kò ní gbé lé e lọ́wọ́ kó lè ráyè gbọ́ àwọn ọmọ. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde máa ń fẹ́ ṣe ohun ìrántí. Wọ́n á kọ́ géètì, wọ́n á kọ orúkọ olóògbé sí i pẹ̀lú ọ̀dà wúrà. Mo mọyì rẹ̀, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, màá ní kí wọ́n fi owó géètì náà tún yàrá kan ṣe nínú ọgbà ilé ìwé: yàrá tí kò sí lójú ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, tí ọmọ lè wọ̀ láìjẹ́ pé gbogbo èèyàn rí i, tó ní àga méjì tó ga bákan náà, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ fún àwọn fáìlì, àti ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa. Kí wọ́n wá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà ní ìpínlẹ̀ wọn, kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ́dọọdún, títí ẹni tó kọ́ṣẹ́ yóò fi jókòó síbẹ̀.